Ápù Tó Jóná Lọ́wọ́ Alága Wa

                                                            41, Òpópónà Tulpehocken,
                                                            Germantown,
                                                            Philadelphia.
                                                            18 Oṣù Bélú, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Verna, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń so okùn bàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù. Mo mọ̀ pé adágún ti ń dì lọ́dọ̀ yín báyìí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn? Bọ̀dá Clayton ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbé ahéré ìpẹja wọn gun orí omi dídì, àbí ẹ ti rí nǹkan fi dá wọn dúró sílé lọ́dún yìí? Lọ́dọ̀ tiwa, a dúpẹ́. Ewé gbígbẹ ti dí ojú ọ̀nà omi òrùlé wa, ọkọ mi Anselm ń pariwo nípa rẹ̀ láràárọ̀, kò sì gun àkàbà. Ara mi le, ẹnu mi sì mú bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo kà á, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ ó sì gbọ́ ibi tí mo ti kà á. Ẹ sọ ti àwọn ọmọ, ẹ sọ ti pásítọ̀ tuntun tí kò mọ orin kọ, ẹ wá fi gbólóhùn kan há àárín wọn bí egungun ẹja: pé ẹ ń yan lefse sílẹ̀ de Kérésìmesì, ẹ po ọ̀dùnkún mọ́ ìyẹ̀fun, ẹ nà á pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tín-ín-rín, bí ìyá wa ṣe máa ń nà á, pé nígbà tí ẹ máa fi mọ̀, ẹ ti jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, lefse ti jóná lórí irin. Ẹ ní ooru ni. Ẹ ní kí n má wá bẹ̀rẹ̀ ìṣe dókítà mi. Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Màá fèsì. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ bí agídí ṣe fẹ́ẹ̀ pa alága wa lójú wa.

Ẹ ti bi mí rí pé kí ni èmi àtàwọn dókítà ọkàn ẹgbẹ́ mi máa ń ṣe tí a bá lọ sí ìpàdé ìdánwò yẹn, mo sì ní ìjà ni. Irọ́ kọ́. Àwa là ń ṣètò ìdánwò fún dókítà tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí láti máa tọ́jú ọkàn tí kò lù déédéé. Ẹnì kan nínú wa á kọ ìbéèrè, á gbé ìlà ọkàn aláìsàn kan, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ya lílù ọkàn rẹ̀ sórí ìwé, sójú ògiri láìsí orúkọ, àwa yòókù á dáhùn bí ọmọ iléèwé. Tí ìdáhùn wa ò bá bá tẹni tó kọ ọ́ mu, ìjà dé nìyẹn. Lẹ́yìn ìjà, a ó bi ara wa pé nínú ọgọ́rùn-ún dókítà tó kàn mọ̀wé dé ẹnu ọ̀nà, tí kò burú, tí kò sì dáa, mélòó ló máa gbà á? Dókítà ẹnu ọ̀nà yìí, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé a ti sọ ọ́ lórúkọ. Delbert là ń pè é. Kò sẹ́ni tó rí Delbert rí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìwà ẹ̀: ó ń pẹ́ débi iṣẹ́, ó ń kàwé lójú oorun, ṣùgbọ́n kì í pààyàn. Bí ẹnì kan bá ní Delbert á gbà á, ẹlòmíì á ní Delbert ò lè gbà á láéláé. Ibi tí a máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú nìyẹn.

Dókítà Thaddeus Brubaker ni alága wa, baba ará Lancaster, ẹni àádọ́rin ọdún tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun gbé báàgì. Baba yìí kórìíra ọ̀rọ̀ àpọ̀jù nínú ìbéèrè. Tí o bá kọ ọ́ pé aláìsàn wọ fìlà pupa, á bi ọ́ bóyá fìlà ló ń dùn ún. "Gé e" ni orúkọ tí a ń pè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ràn rẹ̀, torí gbogbo ìgbà ìwọ́wé ló máa ń se ápù lẹ́yìnkùlé nínú ìkòkò bàbà tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Á rò ó, á rò ó, títí á fi ki, tí á fi dúdú, á wá rọ ọ́ sínú ìgò fún wa ká máa fi pa búrẹ́dì. Àwọn ìgbìmọ̀ mìíràn ń jà nítorí ipò. Ìgò tó bá ṣẹ́kù làwa ń jà sí.

Lọ́dún yìí, ápù náà jóná. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n mọ̀ ọ́n. Dókítà Rosalind Achterberg, tí ẹnu rẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn, bi alága bóyá ilé ló jó mọ́ ọn. Dókítà Hruska ará Cleveland ní Delbert ló sè é. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ àgbà ò yá mọ́, a sì tún jẹ ẹ́.

Ìbéèrè alága ló kàn. Ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún kan, tí ara rẹ̀ le, ń ro ápù nínú ìkòkò bàbà lórí iná níta, ó ṣubú lójijì, ó dákú, ó sì jí fúnra rẹ̀. Ìlà ọkàn rẹ̀ wà lójú ògiri: ọkàn ń lù, ó ń lù, ó wá dákẹ́, ó sì pẹ́ kó tó rántí ara rẹ̀. Kí ni ká ṣe fún un? Ẹnu gbogbo wa ṣọ̀kan. A ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré nì sábẹ́ awọ àyà rẹ̀ kíákíá, èyí tí yóò máa ta ọkàn jí tó bá fẹ́ gbàgbé. Ìdáhùn alága ni pé kó máa lọ sílé, kó máa mumi dáadáa, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ ò bá gbọ́ ariwo. Alága ní ooru iná ló mú ọkùnrin náà, kò sì tíì jẹun. Achterberg ní ẹni tí ooru bá mú, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣókùnkùn, òógùn á bò ó, ṣùgbọ́n eléyìí wó lulẹ̀ bí àpò ọ̀dùnkún. Hruska ní kí alága wo ògiri, pé apá òkè ọkàn ń pe apá ìsàlẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ò dáhùn. Alága ní àwa ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ju ká máa la àyà èèyàn lọ. Nígbà tó kan Delbert, gbogbo wa ní nínú ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó máa gbà á tì. Alága ní ogún péré ló máa gbà á. Hruska ní tí Delbert ò bá gba èyí, kó lọ máa ta táyà.

Kí lèmi wá ṣe? Èmi àbúrò yín ọlọ́gbọ́n nawọ́ sókè, mo ní ọ̀rọ̀ àpọ̀jù wà níbẹ̀. Mo ní kí a gé ápù, ká gé ìkòkò bàbà, ká kàn kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ níta. Wọ́n yìn mí. Alága fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ẹ wò wá, ẹ̀gbọ́n mi: ọkàn wà lógiri, ẹni tó ni ọkàn náà jókòó ní ìkangun tábìlì, àwa ọ̀mọ̀ràn ọkàn ń wá ọ̀rọ̀ tí a máa gé.

A jáde lọ mu kọfí. Mo pa ápù mọ́ búrẹ́dì, mo gé e jẹ, ìtọ́wò ìjóná yẹn tún dé ahọ́n mi, ọwọ́ mi sì dúró. Ápù kì í jóná lábẹ́ ọwọ́ tó ń rò ó. Àfi kí ọwọ́ náà kúrò lórí ìkòkò, kó sì pẹ́ kó tó padà. Mo wo alága. Ó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di etí fèrèsé náà mú gírígírí.

Bí a ṣe padà jókòó, mo ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ tí a pa rẹ́ padà.

"Maren, ṣebí ìwọ lo ní ká gé e," alága wí.

"Èmi ni, sà. Mo kàn fẹ́ bi ẹni tó kọ ìbéèrè: ápù tí ọkùnrin yẹn ń rò, ṣé ó jóná?"

Achterberg wo ìgò tó wà níwájú rẹ̀, ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì ń nù ún.

"Ó jóná díẹ̀," ó ní.

Òótọ́ ni pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin inú ìbéèrè náà: ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ó fúnra rẹ̀ gba ìlà ọkàn rẹ̀, ó sì mọ ohun tó rí. Naomi ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń sọ fáwọn aláìsàn pé kò sí nǹkan tó yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù nínú ẹ̀rọ náà, òun ò mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan péré nínú yín gbè mí ni," ó ní. "Ẹnì kan péré ì bá tó mi."

Ojú mi kún fómi, mi ò ní purọ́ fún yín. Achterberg ló gbọ́n jù wá lọ. Ó ní òfin wa ni pé ká dìbò, kí ẹni tó bá ní kí alága gba ẹ̀rọ náà nawọ́. Gbogbo wa nawọ́. Alága wò wá kárí tábìlì, ó mí kanlẹ̀, ó wá na tirẹ̀ náà.

Ọkọ̀ tí Hruska háyà la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí a débẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, títí dókítà obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi lé gbogbo wa síta. Ó ṣe é wẹ́rẹ́, ó sì ṣe é dáadáa. Nígbà tí alága jí, ó bi dókítà náà báwo ló ṣe ṣe nínú ìdánwò wa. Obìnrin náà ní díẹ̀ báyìí ló kù kóun fìdí rẹmi. A ti rí Delbert, ẹ̀gbọ́n mi! Obìnrin ni.

A ti da ìbéèrè yẹn nù, torí gbogbo wa ti mọ aláìsàn rẹ̀, alága sì ní kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá lágídí bíi tòun. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, bí a ṣe ń dúró kí alága jí, ni mo ti yọ lẹ́tà yín nínú báàgì, tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá gbé yín kalẹ̀ láìsí orúkọ: obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́rin, ara rẹ̀ le, ó ń yan lefse, ó ṣàdédé bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Hruska ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ lefse. Ó kàn bi mí bóyá ó jóná. Mo ní ó jóná. Gbogbo wọn nawọ́. Delbert tó ń kọjá lọ dúró, ó gbọ́, òun náà nawọ́.

Láti kékeré mi, lefse ò jóná lábẹ́ ọwọ́ yín rí. Ìyá wa ti lọ, bàbá ti lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù fún mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ti fóònù Bọ̀dá Clayton, wọ́n á gbé yín lọ bá Dókítà Soderholm ní Duluth lọ́jọ́ Tuesday. Bí ẹ bá kọ̀, èmi àti Anselm ń bọ̀, ẹ sì mọ̀ pé Anselm máa ń kọrin ní ilé ìwẹ̀.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ kí pásítọ̀ aláìlórin, ẹ fọwọ́ pa ajá lórí fún mi. Tí dókítà bá sì bi yín pé kí ló ṣe yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ooru ni. Ẹ kàn sọ fún un pé lefse jóná.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ ò lè sá fún,
Maren.