Ilẹ̀kùn Mátánítì Ilare

                                        Agbolé Ọdẹ́wálé,
                                        Ilare,
                                        Ilé-Ifẹ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá, 1992.

Ràbíátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Bàbá Fàrídà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Fàrídà ọmọ mi ńkọ́, ṣé èsì ìdánwò rẹ̀ ti jáde? Bá mi kí Màmá dáadáa. Sọ fún wọn pé mi ò tíì gbàgbé wàrà tí wọ́n fi ṣe mí lálejò nígbà ọdún Iléyá, àti pé mo ṣì ń bọ̀ wá jẹ ìyókù. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwà ju wíwà lọ.

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ṣí mátánítì tuntun ní Ilare, pé nígbà tí wọ́n dárúkọ mi, o fò sókè nínú kíṣìnì débi pé ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. O wá kí mi kú oríire. Ràbí, mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sábẹ́ Bíbélì mi. Oríire kọ́ o. Rédíò kò purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ohun tí kò sọ pọ̀ ju ohun tó sọ lọ. Bí n kò bá sì lè sọ ọ́ fún ìwọ tí a jọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, n kò mọ ẹni tí n ó tún sọ ọ́ fún.

Ṣé o rántí Adésọjí, àbúrò Ìbídàpọ̀ tí a jọ kàwé? Ọmọkùnrin gíga yẹn tó máa ń bá wa tún rédíò ṣe nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àgbà tó la ẹnu. Òun ni kánsẹ́lọ̀ wa. Nígbà ìbò oṣù Kejìlá ọdún 1990, tí a ń tò sẹ́yìn fọ́tò ẹni tí a bá fẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn tirẹ̀. Mo gbé àga dání lọ sínú oòrùn, mo ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. N kò sì ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Òun ló jẹ́ kí wọ́n la gọ́tà tó máa ń kún wọ ilé àwọn ará ìsàlẹ̀. Òun ló gbé katapílà wá sí ọ̀nà wa. Nígbà tó wá ní mátánítì ló kàn, gbogbo Ilare ló bá a ṣe é. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwa obìnrin pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Akínkúnlé káfíńtà, tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé wa, kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní Olúwatóyìn ìyàwó òun ni yóò kọ́kọ́ bímọ níbẹ̀. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú ọmọbìnrin náà nígbà yẹn.

Ní ìparí oṣù Keje, ilé parí. Wọ́n kùn ún, ó ń dán. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà dé, ọ̀rá ṣì wà lára fóòmù wọn. Adésọjí ní kí n kó gbogbo ohun èlò wa kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí a ń háyà, èyí tí òjò máa ń jò sí wa lórí nínú rẹ̀. Mo kó o: abẹ́rẹ́, oògùn, omi tí à ń fà síni lára, gbogbo rẹ̀, mo dì wọ́n sínú páálí, mo fi okùn so wọ́n. A gbé wọn wọlé tuntun. Ni Adésọjí bá ti ilẹ̀kùn, ó so ríbọ́nì pupa mọ́ ọn, ó ní ó di ọjọ́ tí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá ráyè wá ṣí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ pé kí n tọ́jú rẹ̀, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Alága kò ráyè ní oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹsàn-án wọlé, kò ráyè. Àtíbàbà kan tí mo fi tapólì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá náà ni mo ti ń yẹ àwọn aboyún wò, lórí bẹ́ńṣì. Bí o bá rò pé ẹnikẹ́ni bínú, o ti gbàgbé wa nìyẹn. Àwọn bàbá ní a kì í wọ ilé tuntun láìṣí i. Pásítọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ ká kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Lèmọ́mù náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnu gbogbo wa kò lé lórí láti ìgbà tí mo ti dé àdúgbò yìí, òun ni pé kí àwọn aboyún máa jókòó síta. Èmi alára ńkọ́? Mo ti rán yunifọ́ọ̀mù funfun tuntun de ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n ya èmi náà ní fọ́tò pẹ̀lú alága. Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ irú ẹni tí ò ń bá ṣọ̀rẹ́.

Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, Ìyá Àṣàbí, tó bí Akínkúnlé, mú Tóyìn wá. Ìrọbí ti mú un láti àárọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ń bọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí mo rí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwọ mọ ohun tí mò ń sọ. Akínkúnlé wà níbi iṣẹ́ ní ọ̀nà Oǹdó. Ìyá Àṣàbí wo ilẹ̀kùn tí ọmọ rẹ̀ kàn, ó wá wò mí.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ilé yìí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni?”

Mo ní kí a ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ ná. Ràbí, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi. Ó ń kàn mí nítan bí mo ṣe ń rìn.

Fikáyọ̀ tó ń ta búrẹ́dì lọ́ọ̀ọ́kán wa ló bá mi sáré lọ. Ẹnuwá ló ti bá Adésọjí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpéjẹ fún alága. Ọ̀rọ̀ tí ó mú bọ̀ ni pé kí Àǹtí Dorcas ní sùúrù, òun ń bọ̀ báyìí báyìí. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ríbọ́nì o, alága ti ṣèlérí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbà. Mo rò pé bó bá dé, mọ́tò rẹ̀ la ó fi gbé Tóyìn lọ sí ọsibítù ńlá. Mo tẹ́ aṣọ sórí fàráńdà, a sì ń wo ojú ọ̀nà.

Ọmọ kò dúró de kánsẹ́lọ̀. Kí aago kan tó lù, mo ti gbà á, ọmọbìnrin, ó ké gbà-á. Ìyá Àṣàbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Mo tẹ ikùn rẹ̀, mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ká fi ọwọ́ lásán ṣe. Ìgbà yẹn ni mo tó já ríbọ́nì náà, tí mo ṣílẹ̀kùn. A gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, sórí ọ̀rá. Mo wá ń tú páálí. Èmi tí mo dì wọ́n, n kò mọ èyí tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ mọ́, mo ń fi eyín já okùn tí mo fi ọwọ́ ara mi ta ní kókó. Nígbà tí mo fi máa rí i, Tóyìn ń wò mí ni, ṣùgbọ́n kò rí mi mọ́. Kí aago méjì tó lù, ó ti kú.

Ó lé ní aago mẹ́ta kí Adésọjí tó dé pẹ̀lú agbádá funfun. Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ta ló já ríbọ́nì?” Ẹ̀yìn náà ló tó rí ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sunkún o. N kò ní sọ pé ẹkún ẹ̀tàn ni. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Tirẹ̀ ríran ju ti gbogbo wa lọ. Bó ṣe ń nu ojú rẹ̀ ló ń sọ fún mi pé kí n bá òun nu ọ̀rá yẹn, kí fóòmù má bàa bàjẹ́.

Wọ́n sin Tóyìn lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹjọ, Ìyá Àṣàbí sọ ọmọ ní Dúrósinmí, nítorí kò sí ohun mìíràn tó ń bẹ Ọlọ́run mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀, alága ráyè. Ríbọ́nì tuntun, kánópì, àga, gbogbo ẹ̀. Adésọjí wá bẹ Ìyá Àṣàbí pé kí ó jẹ́ kí ìyàwó alága gbé ọmọ náà díẹ̀. Ó wá gba makirofóònù, ó ní Ọlọ́run ti fi ọmọ àkọ́kọ́ ta mátánítì wa lọ́rẹ, Ayọ̀mídé lorúkọ rẹ̀. Ayọ̀mídé! Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní Dúrósinmí kò dùn ún gbọ́ létí alága. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣọ́ọ̀lù tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fi wé ọmọ tí a bá kọ́kọ́ bí síbẹ̀ ni wọ́n fi wé e. Èmi náà wà níbẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù mi. Onífọ́tò ní kí n rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín. Ohun tí rédíò sọ fún ọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ará àdúgbò ò dákẹ́. Wọ́n ń sọ pé ẹnu ilẹ̀kùn kánsẹ́lọ̀ lobìnrin kú sí, bẹ́ẹ̀ Adésọjí fẹ́ du ipò alága. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó gbé ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ wá bá mi kí n fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kò sí ní Ilare lọ́jọ́ náà, pé ọ́fíìsì ló wà, pé ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé obìnrin náà dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ mi.

Ó ní, “Àǹtí, ìwé yìí bo èmi, ó bo ẹ̀yin náà. Ta ni òtítọ́ fẹ́ jí dìde?”

Ràbí, mo ti mú bírò. Òótọ́ ló sọ, kò sí ẹni tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò mi láti ìbẹ̀rẹ̀ àfi èmi àti òun; Ìyá Àṣàbí rò pé Fikáyọ̀ ló gbà á bọ̀ láti Ẹnuwá. Akínkúnlé pàápàá máa ń kí mi pé mo kú ìyọnu lórí ìyàwó òun, ìkíni yẹn sì máa ń gún mi bí ẹ̀gún. Mo ní kí Adésọjí fi ìwé náà sílẹ̀ di ọ̀la. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Akínkúnlé. Mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wá sọ fún un pé irọ́ ni, pé èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń fá pákó lọ́wọ́. Ó dúró. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

“Fún bí ìgbà wo, mà?”

Mo ní ó tó wákàtí kan tí a fi wà níta.

Kò bú mi, ì bá sì sàn kó bú mi. Ó mú òòlù àti sukudiráfà, ó ń lọ, mo ń tẹ̀lé e. Ó dé mátánítì, ó tú àwọn irin tó so ilẹ̀kùn náà mọ́ férémù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ rù, ó gba ojú títì lọ sílé. Gbogbo Ilare dúró ń wò ó, ẹnìkan kò bi í pé kí ló dé.

Adésọjí lọ pè é lólè lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, pé ó jí ẹrù ìjọba. Ọjọ́ méjì ló lò ní àtìmọ́lé. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ní kí gbogbo wa wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí èmi náà wá sọ ohun tí mo mọ̀. Ìbídàpọ̀ ti mú iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀: bí mo bá fọwọ́ sí ìwé, wọn yóò pa ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tì, bí n kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n ti kọ ìwé tí yóò gbé mi lọ sí abúlé kan lẹ́yìn odò, wọn yóò sì bi mí léèrè ẹ̀jẹ̀ Tóyìn. Mo rán an padà pé kí wọ́n bi mí. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹnìkan bi mí. Bá mi gbàdúrà, kì í ṣe pé kí n bọ́ nínú rẹ̀ o, kí ohùn mi má ṣáà gbọ̀n.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì sọ fún Fàrídà pé mo ń retí ìròyìn ayọ̀ tirẹ̀. Má bínú pé mo da omi tútù sí ọ lára. Mo ti fi aṣọ àǹkárá kan ta ẹnu ọ̀nà mátánítì náà. Obìnrin méjì ti bímọ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì wọ̀nyí. Ìkejì dé lọ́sàn-án àná, nígbà tí mo lọ pọn omi. Kò béèrè mi, kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé aṣọ sókè, ó wọlé, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ̀bi,
                                        Dorcas.