Pélé Ilé Wa Ti Bọ́ Sí Etí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o, mo kí gbogbo ilé tó ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ìsàn-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá tó bí bàbá mi. Owú rẹ̀, òòlù tó fi ń rọ wúrà, ni èmi ọmọbìnrin fi ń rọ yẹtí lónìí. Pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà yẹn ni mo ń fín sí yẹtí náà lára, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọ̀yẹ́ sì ń rà á gan-an.

Ni olórí ẹbí wa bá pè mí síwájú gbogbo ilé. Wọ́n ní, "Ọmọ ulé wa nìkan ló ń kọ pélé yẹn. O ń ta ojú wa fún àjèjì! Yọ́ gbogbo rẹ̀ kí Jímọ̀ tó pé."

Mo ní, "Bàbá, nínú àwọn ọmọ-ọmọ yín, ta ni ẹ kọ pélé fún?"

Wọ́n ní mo yájú.

Mo yájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n n ò ní yọ́ ọ. Bí Jímọ̀ bá pé, màá wọ̀ ọ́ sétí lọ kí wọn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò bá gba pélé mọ́, ṣé ká máa sin ín pẹ̀lú àwọn àgbà ni, nígbà tí etí ṣì wà?