Imú Tí Mo Yá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, 9 Ṣẹ́rẹ́

Póòpù pè mí sí ẹ̀yìn ilé àgbá ọtí lónìí. (Anselme ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé ìrìbọmi. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Póòpù. Ẹni tí kò tíì ṣàṣìṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kí la fẹ́ máa pè é?) Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Tíṣà, mi ò gbọ́ òórùn mọ́."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn burúkú yẹn ti gbé e ṣánlẹ̀ ṣáájú ìkórè ni imú rẹ̀ ti kú. Ó ti gún áyù, ó ti gbé e sí ihò imú méjèèjì. Òfo.

Ní ilé Rouvreau, ilé àwa tí ń fi àjàrà se ọtí, imú ni adé. Àwòrán àwọn bàbá wa wà lára ògiri, onírùngbọ̀n ni gbogbo wọn, imú wọn sì dà bí iwájú ọkọ̀ ojú omi. Ìwé pẹlẹbẹ tí Póòpù ń pín fún àlejò sọ pé ẹ̀bùn náà "ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọkùnrin". Wọn ò dárúkọ ìyá ńlá wa, Zélie, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà nígbà tí kòkòrò jẹ àjàrà Charente, àgbègbè wa, run, tí ọkọ rẹ̀ sì ń mu ìwọ̀nba tó kù. Obìnrin kì í hu irùngbọ̀n. Wọn ò ya àwòrán rẹ̀.

Ohun tí Póòpù ń fẹ́ nìyí. Tí a bá ń se ọtí náà lẹ́ẹ̀kejì nínú ìkòkò bàbà, èyí tí à ń pè ní orí ló ń kọ́kọ́ jáde — ó ń ta ni lójú, a ó dà á sọ́tọ̀. Ọkàn ló tẹ̀ lé e, èyí tó mọ́, tó ń ta sánsán bí òdòdó àjàrà. Òun nìkan ló ń wọ àgbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrù, tó ń rùn bí ajá tí òjò pa. Imú ló ń sọ ibi tí ọkàn parí sí. Kí n máa dúró tì í, kí n máa bá a gbóòórùn. Tí ọkàn bá ti tán, kí n họ etí mi.

Èmi! Èmi tí bàbá wa ní kí n lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn ní Poitiers, torí imú mi kò sàn ju ti ẹja lọ.

"Mathurine ńkọ́?" Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì.

"Mathurine ò gbọdọ̀ gbọ́."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Inú mi dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n fi ṣe mọ́nítọ̀.

Ọjọ́rú, 11 Ṣẹ́rẹ́

Kò sí kọfí, kò sí áyù, kò sí òróró ìfárùngbọ̀n. Imú ọba gbọ́dọ̀ mọ́. Ayé le.

Ọjọ́bọ̀, 12 Ṣẹ́rẹ́

Mo họ etí. Ó bọ́ sí i! Póòpù kígbe "Ó tó!" bí ẹni tó gbọ́ ohùn láti ọ̀run. Firmin tó ń ṣọ́ iná ní, "Bàbá Tíṣà, ṣé kòkòrò wọ̀ yín létí ni? Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣáná yọ ọ́." Mo ní ogbó ni. Ó ní ogbó kì í họ etí, eyín ló ń yọ.

Ohun kan. Mathurine ló wà lẹ́nu ọ̀pá tí ọtí ń gbà jáde. Kí n tó gbọ́wọ́ sókè rárá ló ti gbá ọ̀pá náà mú, tó ń wo bàbá rẹ̀, tó ń dúró de àṣẹ. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Ìgbín ni oúnjẹ ọ̀sán. Áyù kún inú rẹ̀ — mo fi ojú jẹ ẹ́. Póòpù gbé gíláàsì sókè, ó wàásù. Lọ́jọ́ tí a bá se ọtí ìgbẹ̀yìn ọdún yìí, òun yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilé yìí parí sí. Yálà kí òun fún Mathurine ní kọ́kọ́rọ́ Párádísè, iyàrá tí àwọn ọtí tó dàgbà jù wà, kí ilé sì di tirẹ̀. Tàbí, "tí mo bá rí i pé kò tíì tó ó ṣe," kí òun tà á fún ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà nílùú.

Mathurine bu ìgbín kún abọ́ bàbá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Ṣẹ́rẹ́

Kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Àlejò wá. Delhoume, atọ́wò ilé-iṣẹ́ ńlá náà — àwọn ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí wa — àti ìyàwó rẹ̀. Ọtí ń ṣàn, ọkàn ń bọ̀, mo di gíláàsì mú. Ìyàwó Delhoume wá bi mí léèrè: ṣé lóòótọ́ ni kòkòrò jẹ gbogbo àjàrà àgbègbè yìí rí? Ẹ bi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìbéèrè, ẹ wá wo omi tó ya. Mo sọ ti kòkòrò. Mo sọ ti gbòǹgbò tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Mo sọ ti Zélie tó ta ibùsùn ìgbéyàwó rẹ̀ láti fi ra gbòǹgbò náà. Omi lé sójú obìnrin náà. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mò ń ya gbòǹgbò sínú afẹ́fẹ́.

Mathurine ní, "Bàbá, ọkàn ti tán o. Ṣé kí n yí ọ̀pá?"

Póòpù wò mí. Ọwọ́ mi wà lókè, kò sí nítòsí etí.

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́! Ìgbà wo lo di onímú?"

Àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń bá ìtàn lọ — Ọlọ́run jọ̀ọ́, mi ò lè fi Zélie sílẹ̀ láìní ibùsùn. Nígbà tí mo fi rántí gíláàsì mi, ajá tí òjò pa ti jókòó sínú rẹ̀. Mo họ etí bí ẹni tí èéyún mú. Ó ti pẹ́. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú àgbá ńlá, mọ́ ti àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá.

Mo láǹfààní láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dà á. Mo ní lọ́kàn mi, díẹ̀ ni, kò ní hàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Ṣẹ́rẹ́

Mo mu kọfí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Èrèlé

Ọjọ́ páńkéèkì, tí a ń din ín ní gbogbo ilé. Mathurine ń ju tirẹ̀ sókè nínú páànù, Firmin ń ka orúkọ àwọn tí yóò fẹ́ ẹ tí páńkéèkì kò bá já bọ́. Fóònù dún. Delhoume ni. Wọ́n ti tọ́ ọtí wa wò: kábéèjì sísè, ajá tí òjò pa. Wọn ò ní rà nínú àgbá ńlá yẹn.

Póòpù gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ta ló fọ ìkòkò lọ́sẹ̀ tí Delhoume wá?"

"Èmi ni. Ó mọ́, Bàbá."

"Kò mọ́! Ẹni tí kò lè fọ ìkòkò, òun ló ń retí kọ́kọ́rọ́?"

"Bàbá, mo sọ fún yín pé ó ti tán."

"Ò ń fún mi lésì!"

Mathurine wá yíjú sí mi. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wò mí, bí ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ náà lanu. Mo bu ṣúgà sórí páńkéèkì mi. Ṣúgà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Èrèlé

Mo lọ bá Mathurine lóko àjàrà níbi tó ti ń rẹ́wọ́ igi. Mo ní òtútù ń mú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní àjàrà yìí yóò so lọ́dún yìí. Ó ní bóyá.

"Bàbá Tíṣà, ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ ni?"

Mo ní rárá, mo kàn ń na ẹsẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ délé.

Ọjọ́ Ajé, 6 Èrèlé

Póòpù ti ránṣẹ́ pe lọ́yà. Tí a bá ti se ìgbẹ̀yìn lọ́jọ́bọ̀, yóò ta ilé. Ó ní ọmọ náà kò ní imú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé —"

"Mo mọ kí ni?" Ojú rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dà bíi tìgbà tí a wà lọ́mọdé. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Tíṣà. Má já mi kulẹ̀."

Mo ní ó dáa. Ahọ́n tí mo fi kọ́ ọmọ ní òtítọ́ ni mo fi ní ó dáa.

Ọjọ́bọ̀, 9 Èrèlé

Gbogbo aládùúgbò ló wá, bí àṣà ti rí fún ìsè ìgbẹ̀yìn. Delhoume náà wà níbẹ̀. Póòpù gbóòórùn gíláàsì, ó di ojú bí bíṣọ́ọ̀bù níwájú pẹpẹ, ó sì yíjú sí ọ̀dọ̀ mi.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Etí ń yún mi ní tòótọ́!

Ó ń wò mí. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ohùn kíláàsì: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbóòórùn mọ́. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ba ọtí jẹ́ lọ́jọ́ tí àlejò wá, kì í ṣe ìkòkò. Ẹ bi ọmọ yín."

Ojú Póòpù pọ́n, ó wá funfun. Ó lè lé mi jáde. Ó lè ní arúgbó ni mí, mò ń ṣèrànrán, wọn ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọtí kì í dúró de ìtìjú ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣàn. Ìrù ń bọ̀.

"Mathurine." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó ti tó?"

Mathurine gbọ́n díẹ̀ nínú ọtí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó gbé e sí imú.

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

A dúró. Gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ó yí ẹnu ọ̀pá.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Èrèlé

Lọ́yà dé, Póòpù ní kó padà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ Párádísè síwájú Mathurine lórí tábìlì, ó sì jáde. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Mo rò pé Mathurine yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo tilẹ̀ ti ronú ohun tí n ó fi dá a lóhùn, nǹkan ìrẹ̀lẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí Delhoume wá. Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún mi lóko. Ẹ̀ bá ti pe Bàbá mi sí kọ̀rọ̀. Ẹ dúró títí èrò fi pé."

Mo ní, "Mathurine, ẹ̀rù ló —"

"Rárá. Ẹ ṣáà fẹ́ kí wọ́n máa wò yín."

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ.

Mo rí wọn láti ojú fèrèsé báyìí. Póòpù jókòó sórí òkúta lábẹ́ ògiri dúdú ilé àgbá, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Láìsí fìlà, ó kéré. Mathurine gbé gíláàsì kan sí i nímú. Ó mi orí pé rárá. Mathurine gbóòórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, ó ń sọ ọ́ pẹ́. Póòpù ń mi orí sókè sódò. Ó tún bi í ní nǹkan.

Mo wọ bàtà kí n lọ bá wọn. Mo mọ ìtàn kan nípa Zélie tó bá a mu rẹ́gí.

Mo bọ́ bàtà.