Adégbọlá Kọ́ Ló Kọ̀ Mí Sílẹ̀

                                        Jakande Estate, Ìlasàn,
                                        Lẹ́kkí, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2024.

Tiwaladé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni gbogbo ilé ní Ìlọrin? Ṣé ara bàbá Olúwadábírà ti le dáadáa lẹ́yìn ibà tó gbé e dè? Olúwadábírà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé eyín ti yọ, ó sì ti fi ń gé ìwọ ìyá rẹ̀ jẹ. Ó kú iṣẹ́. Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé òróró tí mo fi ránṣẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò le.

Mo mọ̀ pé o ó máa rò ó pé kí ló dé tí Níyì fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́. Tí n bá pè ọ́, o ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ẹ̀rù yóò bà mí, màá tún parọ́. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Adégbọlá kò kọ̀ mí sílẹ̀ rí. Wòlíì kankan kò ríran pé n kì í ṣe aya rẹ̀. Èmi ni mo hun irọ́ yẹn fún ọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ìwọ sì gbà á gbọ́ nítorí pé o fẹ́ràn mi. Ẹni tí o ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti kékeré, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà ní Ajah, ìwọ kò kí i mọ́ nítorí tèmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. O rántí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù ní èbúté, mo sì ti pinnu pé màá di máníjà dandan. Ọ̀gá mi, Màdáámù Odùkọ̀yà, kò mọ̀ pé aláṣọ funfun ni mí. Mo rò pé tí wọ́n bá mọ̀, wọn kò ní fi mí síwájú àwọn òyìnbó tí à ń bá ṣòwò. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ìpàdé. Ọkọ̀ dúró díẹ̀ ní oríta Jakande. Adégbọlá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, sùtánà lọ́rùn, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe máa ń ṣe. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó wá kan gíláàsì. Màdáámù bi mí pé, "Níyì, ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ó jọ pé owó ló fẹ́ tọrọ."

Ó gbọ́, Tiwaladé. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́. Èmi ni mo fọ sùtánà yẹn lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo lọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́ta ló kù kí a ṣègbéyàwó. Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì sunkún. Èmi sẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo wọlé ìpàdé, mo jẹ adìyẹ.

Kò bá mi jà. Kò wá mọ́, èmi náà kò lè lọ bá a. Nígbà tí o bi mí ohun tó dé, ojú tì mí, ni mo bá fi wòlíì bojú.

Mo di máníjà lóòótọ́. Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, èmi àti Màdáámù lọ bá àwọn àgbà abúlé apẹja kan ní apá Ìbẹ̀jú, kí wọ́n lè gbà kí ọkọ̀ akẹ́rù wa máa gba ọ̀nà wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àfi tí ọmọkùnrin tó máa ń bá àwọn ka ìwé bá dé. Ta ló wọlé? Adégbọlá. Ibẹ̀ ló kó lọ, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Bàbá Sànúsí, olórí wọn, bi í pé, "Gbọlá, ṣé o mọ obìnrin yìí?"

Màdáámù ń wò ó. Adégbọlá ní, "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Bàbá. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ tẹ́lẹ̀. Tó bá ti ṣèlérí, ẹ gbà á gbọ́."

Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Nígbà tí à ń padà bọ̀, Màdáámù ní aláṣọ funfun ni ìyá àwọn náà títí tí wọ́n fi kú.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ kúnlẹ̀ fún un lórí iyanrìn. Ó ní òun ti dárí ti inú ọkọ̀ yẹn jì mí tipẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í ríra wa, a tún jọ ń gbàdúrà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ òun. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́, àmọ́ ara mi kò gbà á, mo jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa fún ọ. Ó ní, "Ìdí tí Tiwaladé kò fi kí mi mọ́ nìyẹn? Mo ti rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́." Láti ọjọ́ yẹn, ó ní títí o ó fi gbọ́ òótọ́ lọ́dọ̀ mi, òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ó ku ọ̀kan. Agbọ̀n ẹja gbígbẹ tó fi ránṣẹ́ sí ìsọmọlórúkọ Olúwadábírà, tí o ní kí n dá padà fún un, n kò dá a padà. N kò lójú tí mo lè fi wò ó nígbà yẹn. Mo sè é jẹ, ó sì dùn. Ó gbà pé o gba ẹja òun, o kàn kọ̀ láti dúpẹ́ ni.

Bá mi kí Màmá, kí o bá mi kí bàbá Olúwadábírà, kí o sì gbé ọmọ mi jó díẹ̀.

Tí o bá kà á tán, má pè mí. Èébú tó tọ́ sí mi yóò dúró dè mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o kọ́kọ́ pè, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. Kí o sì bá mi dúpẹ́ ẹja náà. Èmi ni mo jẹ ẹ́, àmọ́ ìwọ ló fi ránṣẹ́ sí.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tó parọ́ fún ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀,
                                        Olúwafúnminíyì.