Ta Ló Darí Omi Sínú Ìrẹsì Mi?

Ojúlé Kọkànlá, Àdúgbò C,
Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ṣìmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà l'Abẹ́òkúta? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́, àmọ́ inú mi bàjẹ́ gan-an.

O rántí Bọ̀dá Clement, tí àwọn àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ oko lẹ́yìn Fẹ́sítáàkì. Gọ́tà kan ló pín oko wọn àti tèmi. Lóṣù keje, òjò ńlá rọ̀, omi bo ìrẹsì mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bọ̀dá wá sílé, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n gba kámú, iṣẹ́ òjò ni.

Nígbà tí omi fà, irú tó máa ń ga nínú ìrẹsì mi ti jẹrà. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí mo ti ń ṣa irúgbìn rẹ̀ pamọ́ láti ọdún mẹ́ta. Bí omi bá bò ó, kì í ga mọ́, ṣe ló máa ń ṣọ́ agbára lò títí omi á fi fà. Ìyẹn tún yọ ewé tuntun. Kò pẹ́ ni kòkòrò dé, wọ́n ń jẹ inú igi rẹ̀, ewé àárín sì ń gbẹ. Mo ń fa èyí tó bàjẹ́ tu lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ro koríko etí gọ́tà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn labalábá kéékèèké tó ń yé wọn ń sá sí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àpò yanrìn mẹ́fà. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn sí etí gọ́tà níhà ti Bọ̀dá, kí gbogbo omi lè yà sí tèmi. Orúkọ bàbá mi wà lára àpò náà. Èmi ni mo kó wọn fún Bọ̀dá lọ́dún tó kọjá kí wọ́n fi kó àgbàdo.

Mo pe Bọ̀dá wá síbẹ̀, mo bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ to èyí?"

Wọn ò jiyàn. Wọ́n ní, "Ọlábùnmí, àgbàdo mi ò lè gba omi ọjọ́ méjì. Ìwọ ṣì kéré, wàá tún gbìn."

Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, à bá jọ wá ibi tí omi máa gbà. Àdúrà tí wọ́n wá gbà nílé mi ló dùn mí jù. Mo gbé àwọn àpò náà kúrò níṣojú wọn. Wọn ò ràn mí lọ́wọ́.

Ìdajì ìrẹsì náà ti ń yọ ọmọ báyìí. Lánàá, Bọ̀dá wá sẹ́nu géètì wa. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n wá ní kí n fún àwọn nínú irúgbìn tí omi ò pa.

Mo ní, "Bọ̀dá, mi ò ní fún yín."

Láti kékeré, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n lọ. Mo ti géètì, mo sì sunkún ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí omi bo oko.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Màmá. Tètè fèsì, nítorí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibẹ̀ ni Bọ̀dá náà ń lọ.

Èmi tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Ọlábùnmí.