Bí Mo Ṣe Fi Fóònù Ṣe Àáró

Ilé Ràmọ́nì,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláásí Kékeré,
Ìlerò.
Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì.

Sodiqat ọmọ mi,

Salaamu alaikum. Mo kí ọ kú ooru Èkó, mo kí ọ kú ariwo jẹnẹrétọ̀, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì àti àwọn tó wà nílé wọn, títí kan Festus tí ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iná wọn kú lójijì, dátà wọn ò ní tán lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àmín.

Kí n tó sọ nǹkan kan, jẹ́ kó yé ọ pé bàbá rẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Láti Ìlerò títí dé Ṣakí, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé èmi Ràmọ́nì ni àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tó fi fóònù kan ṣoṣo kọ ebè láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé bọ́dà. Nígbà tí ebè náà dé ọ̀hún, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá a dúró, wọ́n ní ibo ni ìwé rẹ̀ wà. Erùpẹ̀ kan ò sì kàn mí lẹ́sẹ̀.

Ìyá rẹ wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ, ó ní orúnkún òun ti rọlẹ̀. Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ tí mo fi ń kọ̀wé rán awakọ̀ tó ń kó iṣu lọ Èkó sí ọ. Èmi àti fóònù ní ọ̀rọ̀, ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ, ó ń ronú lórí ohun tó fojú mi rí. Òjò àrọ̀kúrò ṣì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ lọ, ìdí ọ̀rọ̀ mi sì nìyẹn. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́, o mọ̀ pé bí òjò yìí bá lọ láìjẹ́ pé a ti kọ ebè, ilẹ̀ á le bíi sìmẹ́ńtì, ọkọ́ á máa dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń lu agolo. Ebè ò sí, iṣu ò sí. Lọ́dún tó ń bọ̀ èmi Ràmọ́nì á gbé agbọ̀n lọ ra iṣu lọ́jà Ìlerò, àwọn ọmọdé á máa nawọ́ sí mi pé ẹ wò ó, àgbẹ̀ tó ń rajà. Ohun tó ń lé mi kiri láti bí ọjọ́ mélòó kan nìyẹn.

Gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà Iléyá tí o wálé. O gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ rẹ sórí tábìlì lọ́dẹ̀dẹ̀, o ní o fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ṣèpàdé. Mo yọjú lẹ́yìn rẹ, mo rí orí èèyàn lóríṣiríṣi, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú fèrèsé tirẹ̀. Mo rò pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, pé gbogbo wọn yọrí síta kí wọ́n lè rí mi. Ta ló máa rí irú èrò bẹ́ẹ̀ tí kò ní kí wọn? Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo béèrè aya, mo béèrè ọmọ, mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ ẹran. Fèrèsé Festus nìkan ló ṣókùnkùn. Mo bi í pé ta ló kú nílé rẹ̀ tó fi paná, mo sì ki àdúà bọlẹ̀ fún òkú náà. Mo ti rìn jìnnà nínú àdúà yẹn kó tó dáhùn láti inú òkùnkùn pé bàbá, kò sẹ́ni tó kú o, wọ́n múná lọ ni. Inú mi dùn fún un, ṣùgbọ́n mi ò gba àdúà náà padà, mo ní kó fi pamọ́.

Lẹ́yìn náà lo wá ṣàlàyé fún mi. O ní àwọn kan ń wá sí ọ́fíìsì, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ìwọ lo sì ń darí gbogbo wọn. O ní ohun tó ń fún ọ ní wàhálà ni pé àwọn ará ọ́fíìsì ń ráhùn pé oorun ni àwọn ará ilé ń sùn, àwọn ará ilé náà ń ráhùn pé níbi tí àwọn ará ọ́fíìsì ti ń mu tíì ni wọ́n ti máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ gidi tán. Ìyá rẹ káàánú rẹ. Èmi ò gbọ́ wàhálà kankan níbẹ̀. Ohun tí etí mi gbé ni pé o ní kò di dandan kí èèyàn wà níbi iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó di ṣíṣe. Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ẹ̀yìn mi. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn mi ti ń retí ẹni tó máa sọ irú ẹ̀.

O mọ̀ pé èmi ni olórí àáró wa. Bí gbogbo wa bá kọ ebè lóko Mojeed lónìí, a ó kọ ti Mákánjúọlá, a ó wá kọ tèmi. A kì í sanwó fún ara wa, bí mo ṣe tẹ ẹ̀yìn lóko rẹ ni ìwọ náà á ṣe tẹ ẹ̀yìn lóko mi, oúnjẹ á wá láti ọwọ́ olóko. Mo pe ìpàdé, mo sọ fún wọn pé láti ìsinsìnyí lọ, láti ilé ni èmi á ti máa ṣe àáró, mo sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Èkó. Mákánjúọlá tí a jọ lọ ilé kéwú wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bi mí pé Ràmọ́nì, ṣé ara rẹ yá? Mo ní ara mi le koko. Ó ní ó dáa, kí n máa bá a lọ.

Lọ́jọ́ àáró Mojeed, wọ́n lọ oko, èmi wọ dànṣíkí tuntun, mo dé fìlà, mo jókòó. Mo pè wọ́n lórí fóònù olójú tí o rà fún mi, mo ní kí wọ́n yí i kí n rí ebè. Ihò imú Mákánjúọlá ni mo rí, ó fẹ̀ ju ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ. Mo ń kí wọn kú iṣẹ́, mo ń ṣàdúà, mo ń pariwo pé ebè kan wọ́ lápá òsì, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ebè kankan. Òógùn bò mí. Iṣẹ́ gidi ni o! Nígbà tó dọ̀sán, mo sọ fún Mojeed pé kó má gbàgbé oúnjẹ òṣìṣẹ́ tó wà nílé. Ó ní bàbá, ó ti ń bọ̀. Fóònù dún, mo wò ó, àwòrán iyán ni, ó funfun báláú, ẹran rọ̀gbà yí i ká. Mo fọwọ́, mo ń retí kí iyán fúnra rẹ̀ tẹ̀lé àwòrán rẹ̀ dé. Wọ́n pe ìrun Aláásàrì, kò dé. Mo rò pé ọ̀nà ló dí i.

Lọ́jọ́ ti Mákánjúọlá, tí oko rẹ̀ jìn títí lọ sápá Kòmu, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ọ̀hún. Mo gun igi máńgòrò lọ wá a. Ìyá rẹ dúró nísàlẹ̀, ó ń bi mí pé bàbá Sodiqat, ṣé ọ́fíìsì ti gòkè ni?

Ó wá kan èmi. Ìyá rẹ gbé ìkòkò kaná ní ìdájí, mo pa òbúkọ tó jẹ ìborùn rẹ nígbà Iléyá. Oòrùn yọ, kò sẹ́ni. Oòrùn gòkè, kò sẹ́ni. Mo pe Mákánjúọlá. Ó ń mí hẹ̀ẹ́ hẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń gbé ọlọ, ó ní òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, orí ẹní òun ni òun ti ń ṣe é. Mo pe Mojeed, ó ní bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, àwa náà ti di ará Èkó, mo ti kọ ebè yín dé ìdí igi ẹmi láti yàrá mi níbí, ẹ kàn lọ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Wàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ wo ebè. Koríko ni mo bá, ó ga dé ìbàdí mi, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń wá òun. Àparò kan wà nídìí igi ẹmi, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá dí òun lọ́wọ́. Mo padà sílé. Mojeed tún pè, ó ní kí n yí fóònù síbi ìkòkò, kí àwọn lè jẹun láti ilé. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀, ó ní ṣé kí òun bu ọbẹ̀ sínú fóònù ni àbí kí òun dà á lé e lórí. Odidi òbúkọ, Sodiqat! Gbogbo àdúgbò ló bá wa jẹ ẹ́, àwọn ará àáró mi nìkan ni kò jẹ níbẹ̀, ẹran náà ò sì dùn lẹ́nu mi.

Nírọ̀lẹ́, òjò ṣú, ó kán díẹ̀, ó yíjú padà bí àlejò tó fẹ́ dágbére. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Mákánjúọlá, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú pé mo jókòó, ta ni ẹ̀yìn kì í dùn? Ó ní ohun tó dun àwọn ni pé omi ò sí lóko tó jìn yẹn, eṣinṣin ń jẹ àwọn, mi ò béèrè ọ̀kankan, mo kàn ń pariwo láti Ìlerò pé ebè wọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá kọ ìpín ebè tí mo jẹ lóko òun kí òun tó lè bá mi sọ̀rọ̀ ebè tèmi. Mo lọ. Mo kọ ti Mákánjúọlá, mo kọ ti Mojeed. Bí akàn ni mo ṣe ń rìn báyìí.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi. Lọ sílé Festus. Jókòó tì í nínú òkùnkùn yẹn, kí o ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀, kí o mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe rí, má sì lọ lọ́wọ́ òfìfo. Kí àwọn ará ọ́fíìsì náà máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ará ilé máa wá mu nínú tíì yẹn. Bí tíì bá ń dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, tó jẹ́ pé àwòrán tíì ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, ìjà wọn ò ní tán láéláé.

Mo ti ṣe àlùwàlá, mi ò lè fi irọ́ sílẹ̀ nínú lẹ́tà. Ebè tí mo ní ó dé bọ́dà, irọ́ ni mo pa, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò dá ohunkóhun dúró. Mi ò tíì ní ebè kan ṣoṣo. Pé erùpẹ̀ ò kàn mí lẹ́sẹ̀ nígbà yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, òun ló sì kó bá mi.

Àwọn ará àáró ní àwọn á wá lónìí. Bóyá òótọ́ ni, bóyá wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ̀. Ẹja ni ìyá rẹ fi se ọbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, torí òbúkọ ò sí mọ́. Jọ̀ọ́, fún awakọ̀ yìí lówó tí a ó fi ra òmíràn. Má gba bánkì fi ránṣẹ́ o. Bánkì kàn máa ń kọ̀wé sí fóònù pé owó ti wọlé, fóònù nìkan ló sì máa ń rí owó náà.

Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí àwọn tó ń wò ọ́ lójú àti àwọn tí o kò rí. Ẹnu wọn á kò lórí rẹ. Ọkọ rere á wá ọ wá, ojúkojú ni yóò sì wá, kò ní wá nínú fèrèsé. Wàá

Dúró ná. Mo ń gbọ́ tí ọkọ́ ń kan ọkọ́ lójúde. Ohùn Mákánjúọlá nìyẹn, ó ń lọgun pé kí òṣìṣẹ́ inú ilé jáde síta kí oòrùn rí i. Mojeed ń rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù wà lẹ́yìn wọn. Ìyá rẹ ń bá mi dáhùn pé mò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ọkọ́ mi. Ó ti rí i, ó wà lábẹ́ àga. Ilẹ̀ ṣì rọ̀, Sodiqat.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì, tí kò sí nílé mọ́.