Àga Tí A Gbé Lọ Síwájú Ọ́fíìsì Ìjọba

                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì,
                                        Rumuokoro,
                                        Port Harcourt,
                                        Ìpínlẹ̀ Rivers.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2022.

Ìyá Aaliyah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Aaliyah ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun lórí ìdúró? Ẹ kú òjò o. Tiwa níbí, òjò ò jẹ́ ká rímú mí, àmọ́ a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Teslim ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ Píjìn ló ṣì fi ń kí wa láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi.

Mo mọ̀ pé o ti ń pariwo báyìí, nítorí ọkọ mi ló mú lẹ́tà yìí wá. Bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá Teslim náà ni, ojú ò tàn ọ́ jẹ. Fún un lómi mu, kó o ka ìwé yìí tán kó o tó bi í ní ohunkóhun, torí bó o bá bi í, á ní iṣẹ́ lòun bá wá sí Òffà. Irọ́ ni. Ìpá yẹn ló gbé e wá.

Ìwọ náà rántí bá a ṣe bẹ̀ ẹ́ lóṣù tó kọjá. O ní ní Kwara tiyín wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn ní káàdì ètò adójútòfò ìlera, pé kó wá sílé, ọmọ Òffà ṣáà ni, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó fàáké kọ́rí. Ó ní kí lòun máa sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ní Trans-Amadi? Wẹ́dà tó ń gbé irin, kó wá jẹ́wọ́ pé ìpá ń ṣe òun? Ó ní ẹ̀rín ni wọ́n á máa fi òun rín títí òun á fi kú. Mo ní ikú náà ò ní jìnnà, bó bá ń gbé irin báyẹn lọ. Dókítà sọ ọ́ létí mi pé bí ìfun bá há síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wàhálà dé nìyẹn.

Níbí wá ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lọ́dún yìí pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wà nínú ètò adójútòfò ìlera, àtolówó àti tálákà. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, tiwa sì ń fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tó rí omi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mò ń gbọ́ ètò Píjìn tí Tamunotonye máa ń ṣe lórí rédíò. Ó pe ọ̀gá ìjọba kan. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó jẹun yó. Ó ní òfin Abuja ni, pé ìpínlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, pé ẹnì kan kì í jókòó sílé tiẹ̀ kó máa pàṣẹ ọbẹ̀ fún ilé elòmíì. Ó tún wá ní àwọn ọlọ́jà gan-an ò ní wá, pé ta ló máa dáwó fún àìsàn tí kò tíì ṣe é? Ó ní, “If we open register today, na empty chair go dey look us.”

Háà! Ara mi gbóná. Èmi Memunat tí mò ń ta àga oníke ni wọ́n ń sọ fún pé àga á ṣófo! Mo pe rédíò yẹn, wọ́n sì gbé e. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè àwa obìnrin Rumuokoro ń bọ̀ wá forúkọ sílẹ̀, a ó sì gbé àga tiwa dání. Ẹnu mi ò wá mọ síbẹ̀, ìwọ náà mọ̀ mí. Mo ní ẹnì kan wà nínú ilé mi tí ìpá ń bá fínra, ètò yìí la sì ń dúró dè.

N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ ohùn mi? Rédíò kan náà ló ń ké ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Teslim. Ó wọlé, kò kí mi, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní mo gbé ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ òun sáfẹ́fẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbẹ̀bẹ̀. Ó dùn mí o, torí ó jàre.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Nígbà tí Mọ́ńdè dé, Ibinabo, ọmọ Iwofe tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó àwọn obìnrin jọ. Èmi kó àga jáde, búlúù, pupa, funfun, a dì wọ́n sínú ọkọ̀. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ọ́fíìsì ìjọba náà ní ìforúkọsílẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. A ní kò burú, a ó dúró dè é. A to àga wa, a jókòó. Ibinabo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà jẹ.

Nígbà tó yá, ọ̀gá orí rédíò náà jáde. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wa là ń dán yìí, ta ló ń ṣàìsàn níbẹ̀ gan-an? Ìyá Aaliyah, ìtìjú mú wa. Àwa tá a ti ń pariwo láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde sọ àrùn ara ẹ̀ ní gbangba. Èmi pàápàá ò lè sọ̀rọ̀, torí àrùn tí mo mọ̀ kì í ṣe tèmi, mo sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ “Na me” lẹ́yìn wa. Bàbá Teslim ni! Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló jọ ti Trans-Amadi wá. Ó ní, “Na me get hernia. I dey pay levy for this town since, now I no fit carry iron again.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ibinabo dìde, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni tòun. Sotonye tó ń ta òkìrìkà dìde, ó ní kókó kan wà lọ́yàn òun tí òun ò tíì fi han ọkọ òun. Bá a ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Mo sunkún, kí n má purọ́ fún ọ.

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Ó ní ká fún òun ní àga kan. Ó jókòó sáàárín wa, ó gbọ́ wa títí. Kò ṣèlérí ju pé òun á sọ fáwọn tó ga ju òun lọ. A ní kò burú, gbogbo Mọ́ńdè la ó máa wá béèrè ibi tọ́rọ̀ dé. Má rò pé ẹnu lásán ni o. Wọ́n á gbà, mo fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, Bàbá Teslim wá jókòó tì mí láàárín àga. Ìjà ni mò ń retí. Ó ní ṣé o ṣì ń retí òun ní Òffà? Ó ní gbogbo ẹni tí òun ń sá fún ló ti gbọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun gan-an ló ń bẹ òun pé kí òun máa lọ.

Mo fi í lé ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kó gbé garawa omi, bó bá tiẹ̀ bínú. N ò lè bá a wá, torí Mọ́ńdè míì ti dé. Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Ibinabo ní kí n kí ọ, ó fi ẹja ránṣẹ́ nínú báàgì ọkọ mi. Bó bá ní òun ló rà á, má dá a lóhùn.

Ó tún ku ọ̀kan. Àga búlúù tí Bàbá Teslim jókòó lé lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí n má tà á, pé orí ẹ̀ lòun á jókòó sí níwájú ọ́fíìsì yẹn tí òun bá padà dé. Lánàá, oníbàárà kan ná an, ó fẹ́ san ju iye ẹ̀ lọ. Mo ní ó ti lólówó. Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, dá a padà fún mi ní àlàáfíà, kó wá jókòó.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í dákẹ́,
                                        Memunat, Ìyá Teslim.